Ẹ yọ káńfọ̀ kúrò láàrin aṣọ ọmọ tuntun

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mò ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bóòlù funfun kékeré tí à ń pè ní káńfọ̀, èyí tí àwọn ìyá wa máa ń jù sáàrin aṣọ kí aáyán àti kòkòrò má baà débẹ̀, kò yẹ kó wà nínú ilé tí ọmọ tuntun wà rárá. Kò yẹ kó wà nínú àpótí aṣọ rẹ̀, kò yẹ kó wà láàrin aṣọ ìyá rẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n so ó kọ́ sí ilé ìwẹ̀. Èkejì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tó yẹ kó wà lórí káàdì kan náà pẹ̀lú genotype wa, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. G6PD ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ kí ẹ tó lè rí i bẹ́ẹ̀, ẹ ní láti bá mi wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ ná.

Ọ́síjìn tí à ń mí sínú ló gbé wa ró, òun náà ló sì ń bà wá jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ gé iṣu, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n, á wá máa dúdú lọ. Ọ́síjìn ló ṣe é. Òun náà ló fà á tí èlùbọ́ iṣu funfun fi ń ro àmàlà dúdú (ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá tẹ́ ẹ̀ ń jẹ láfún, ẹ má bínú, tiyín funfun, mo mọ̀). Òun ló ń mú kí irin dógùn-ún. Nínú ara wa, àwọn oríṣi ọ́síjìn kan tó gbóná ju èyí tí à ń mí lọ máa ń jáde lójoojúmọ́ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń lo oúnjẹ, hydrogen peroxide sì wà lára wọn, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ ojú ọgbẹ́ gan-an. Ohun tí wọ́n bá sì bá pàdé ni wọ́n máa ń bù jẹ.

Ohun tí wọ́n sábà ń bá pàdé ni púrótéènì. Ẹ má rò pé ẹran àti ẹyin nìkan là ń pè bẹ́ẹ̀ o. Púrótéènì ni òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì: òun ló ń gbé ọ́síjìn kiri, òun ló ń da oúnjẹ, òun ló ń jẹ́ kí iṣan sún kì. Ẹ̀wọ̀n gígùn ni, tí a fi àwọn amino acid so pọ̀, tí ẹ̀wọ̀n náà sì ká ara rẹ̀ jọ bí ẹni wé gèlè. Wíwé yẹn ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Aṣọ gèlè kan náà tí wọ́n bá ju sílẹ̀ gbọọrọ lórí àga, kì í ṣe gèlè mọ́, aṣọ lásán ni. Nínú amino acid ogún tí à ń lò, méjì wà tí imí ọjọ́ wà nínú wọn, ìyẹn cysteine àti methionine, àwọn yìí ni ọ́síjìn kọ́kọ́ máa ń dojú kọ. Tó bá ti lẹ̀ mọ́ wọn, wíwé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Púrótéènì tó ti tú á wá máa lẹ̀ mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹ̀bà tó ti tutù.

Ibi tó wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni àtúnṣe. Sẹ́ẹ̀lì kò jókòó kó máa wò wọ́n. Tí ọ́síjìn bá lẹ̀ mọ́ methionine, ẹ́ńsáìmù kan wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé ju kó já ọ́síjìn yẹn kúrò lọ. Tí cysteine méjì bá di ara wọn mú níbi tí kò yẹ, thioredoxin á tú wọn. Àwọn ìbàjẹ́ kan wà ṣá tí kò ní àtúnṣe. Tó bá ti dé ibẹ̀, wọ́n á gbé púrótéènì náà lọ sí ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ proteasome, á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, sẹ́ẹ̀lì á sì fi àjákù rẹ̀ ṣe òmíràn. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń fi àmì sí ara púrótéènì tí wọ́n fẹ́ gé ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Ciechanover, Hershko àti Rose ní 2004. Tún èyí tó ṣeé tún ṣe, fọ́ èyí tí kò ṣeé tún ṣe, ṣe tuntun. Mẹkáníìkì wo ló mọṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ìṣòro wà níbi tí kò ti sí ṣíṣe tuntun. Dígí inú ẹyinjú wa jẹ́ ọ̀kan: púrótéènì tó wà ní àárín rẹ̀ gan-an ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, kò sì sí ẹni tó ń pààrọ̀ rẹ̀. Ọdún lórí ọdún, ọ́síjìn àti ìtànṣán oòrùn á máa bà á jẹ́, á máa lẹ̀ pọ̀, títí tí ojú àgbàlagbà á fi di funfun tí wọ́n á ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ibòmíràn ni sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì pupa bá fẹ́ dàgbà tán, ńṣe ló máa ń ju kóró àárín rẹ̀ nù, á sì ju gbogbo ẹ̀rọ tó fi ń ṣe púrótéènì nù pẹ̀lú, kí àyè lè gba hemoglobin. Nǹkan bí mílíọ̀nù 270 hemoglobin ló ń gbé nínú sẹ́ẹ̀lì kan. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló máa fi ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọjọ́ 120, kò ní rí tuntun gbà mọ́. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un: gbígbé ọ́síjìn! Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí ẹni tí kò ní aṣọ ìpààrọ̀ máa ru epo pupa.

Kí ló wá ń gbà á là? Èròjà kékeré kan tó ń jẹ́ glutathione. Glutathione ló ń fi ara rẹ̀ gba ìyà náà kí púrótéènì má baà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí tọ́ọ̀ṣì oníṣájà ló ṣe rí: tó bá ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, iná rẹ̀ ti tán, ó ní láti padà lọ gba ṣájì. NADPH ló ń ṣájì rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ tó sì ń mú NADPH wá ni ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ G6PD. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní jẹnẹrétọ̀, ó ní inverter, ó ní sólà. Sẹ́ẹ̀lì pupa ní tirẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo yẹn náà ló ní. Tí kò bá lágbára, kò sí NEPA kankan tó máa gbà á sílẹ̀.

Ibi tó ti kàn wá gan-an nìyí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 ni G6PD rẹ̀ kò lágbára tó. Ní gbogbo àgbáyé, wọ́n máa ń ka àwọn tó ní i sí nǹkan bí 400 mílíọ̀nù. Orí krómósómù X ni jíìnì rẹ̀ wà, ìdí nìyẹn tó fi ń hàn lára ọkùnrin ju obìnrin lọ, nítorí X kan ṣoṣo lọkùnrin ní. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á gbé ayé wọn dé ọjọ́ ogbó láìmọ̀, torí pé lọ́jọ́ tí kò sí wàhálà, ìwọ̀nba iná tí jẹnẹrétọ̀ wọn ń mú wá tó wọn lò. Ọjọ́ tí nǹkan kan bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bèèrè iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni wàhálà máa ń dé. Hemoglobin á tú, á dì kókó-kókó, á lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì. Dókítà ará Jámánì kan, Robert Heinz, ló ṣàpèjúwe kókó wọ̀nyẹn ní 1890, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ́ títí dòní. Ẹ̀yà ara tí òyìnbó ń pè ní spleen, tó wà lábẹ́ ìhà wa lápá òsì, á wá máa bu kókó náà jẹ kúrò lára sẹ́ẹ̀lì, débi pé tẹ́ ẹ bá wo ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù, ẹ ó rí sẹ́ẹ̀lì tó dà bí àkàrà tí ọmọdé ti gé jẹ. Wọn kì í pẹ́ bẹ́.

Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé G6PD ló ń fà á, ìtàn náà kò dùn ún gbọ́ tán. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Stateville, ní Illinois lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n ń dán oògùn ibà primaquine wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ àwọn kan lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n adúláwọ̀, àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti etí òkun wa níbí, bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ìtọ̀ wọn sì dúdú. Àwọn olùṣèwádìí gba ẹ̀jẹ̀ àwọn yẹn, wọ́n fi sí ara ẹni tí oògùn náà kì í ṣe ní nǹkan kan, wọ́n wá fún onítọ̀hún ní primaquine. Ẹ̀jẹ̀ àgbàbọ̀ yẹn nìkan ló fọ́. Wọ́n mọ̀ nígbà náà pé inú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni àléébù wà. Ní 1956, Paul Carson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ jáde pé G6PD ni. Ọ̀rọ̀ fífi ẹlẹ́wọ̀n dán oògùn wò, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, mi ò ní fi ẹnu kan sọ ọ́ níbí.

Ìbàdàn ni apá kejì ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Kí ló dé tí nǹkan tó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ èèyàn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàrin wa? Lucio Luzzatto, ará Ítálì tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ̀lú Usanga àti Reddy, wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tí ibà ń ṣe. Obìnrin tí ọ̀kan nínú X rẹ̀ méjèèjì bá ní àléébù yìí máa ń ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà, àwọn kan lágbára, àwọn kan ò lágbára. Ìdáhùn wà níbẹ̀ kedere: kòkòrò ibà pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó lágbára ní ìlọ́po 2 sí 80 ju èyí tí kò lágbára lọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 1969. Kòkòrò ibà fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn ilé tí púrótéènì rẹ̀ ń bàjẹ́. Àléébù tó ń dáàbò bò wá ni, bíi AS gẹ́lẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n kọ́ wa ní AS níléèwé títí a fi há a sórí, tí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn níbí kò sì sí nínú ìwé wa.

Ó yá, ká padà sórí káńfọ̀. Naphthalene ni wọ́n fi ṣe èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa. Ẹ má ṣì í mú fún kàfúrà pẹlẹbẹ tí àwọn eléwé ọmọ ń tà, nǹkan ọ̀tọ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ò ṣeé fi ṣeré nítòsí ọmọdé. Ẹ ti rí i pé bóòlù náà máa ń kéré sí i láìyọ́ di omi. Ńṣe ló ń di afẹ́fẹ́, tí afẹ́fẹ́ náà sì ń mu aṣọ. Ọmọ tí wọ́n bá wọ aṣọ yẹn fún á mí in sínú, ara rẹ̀ á sì fà á mu, pàápàá tí wọ́n bá ti fi òróró tàbí òrí pa á lára, torí naphthalene máa ń wọ inú epo dáadáa. Tó bá dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di àwọn èròjà tó burú ju òun alára lọ, irú àwọn tó ń fa iná glutathione tán wàrà.

Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà lè fọ́ kó sì rẹ̀ ẹ́, kó lọ gba ẹ̀jẹ̀, kó padà sílé. Ọ̀rọ̀ ti ọmọ tuntun yàtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó bá fọ́ máa ń sọ èròjà olómi ọsàn kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ bilirubin, ẹ̀dọ̀ ló sì yẹ kó palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀dọ̀ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta kò tíì mọ iṣẹ́ náà ṣe. Bilirubin á pọ̀ lápọ̀jù, ojú á pọ́n, ara á pọ́n, ìyẹn ibà pọ́njú. Tó bá pọ̀ jù, á wọ inú ọpọlọ. Ibi tó ń darí ìrìn ara àti ibi tó ń gbọ́ ohùn ló máa ń bàjẹ́ jù. Ọmọ náà lè wà láàyè, àmọ́ ọrùn rẹ̀ lè má dúró, etí rẹ̀ lè má gbọ́, kò sì sí oògùn tó ń yí i padà. Àwọn ọmọ tí àwọn aládùúgbò á máa sọ pé ayé ló ṣe wọ́n yìí ńkọ́? Mo gbà pé inú àpótí aṣọ ni ti àwọn kan lára wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún yín nílé. «Òun la lò fún ẹ̀yin náà, kí ló ṣe yín?» Òótọ́ ni. Tí 1 nínú 5 ọkùnrin bá ní i, mẹ́rin kò ní i nìyẹn, ọmọ mẹ́rin yẹn ni màmá ń tọ́ka sí. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ kàn sọ pé oríṣi ẹ̀jẹ̀ wà bí AS ṣe wà, èyí á yé wọn kíákíá ju gbogbo glutathione mi yìí lọ. Ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de títa naphthalene fún lílé kòkòrò láàrin aṣọ láti 2008. Ní tiwa, inú góòsìlọ̀ ni wọ́n ń tà á nínú ọ̀rá, kò sí ìkìlọ̀ kankan tó ka orúkọ ọmọ tuntun. Kí ìjọba má tíì ṣe òfin, ó kéré tán, ẹni tó ń kọ lísítì ohun tí aboyún máa rà lè kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé «ẹ má fi káńfọ̀ sí aṣọ». Gbólóhùn kan ni.

Kò túmọ̀ sí pé káńfọ̀ nìkan ló ń fa ibà pọ́njú ọmọ tuntun. Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ wà, bí ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ kò bá bára mu wà, ọmọ tí kò pé oṣù wà. Àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n ní àléébù G6PD máa ń pọ́n láìjẹ́ pé ohunkóhun kàn wọ́n. Àmọ́ èyí tí a lè yọ kúrò láìná kọ́bọ̀, kí ló dé tí a ò ní yọ ọ́?

Ó ku àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ti ń ronú pé «kò sí wàhálà, a ó fa abẹ́rẹ́ glutathione». Mo mọ̀ yín. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún kí ara lè mọ́lẹ̀, pẹ̀lú omi vitamin C tí wọ́n ń fà sí iṣan. Ẹ gbọ́ o. Sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń fi amino acid mẹ́ta ṣe glutathione tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó wọ́n ọn ni ṣájì, kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì. Tẹ́ ẹ bá kó tọ́ọ̀ṣì ọgọ́rùn-ún lọ fún ẹni tí kò ní iná tó máa fi ṣájì wọn, òkùnkùn náà ló wà. Vitamin C ló tilẹ̀ burú jù: èyí tó wà nínú ọsàn dára fún gbogbo wa, àmọ́ tí wọ́n bá fa òbítíbitì rẹ̀ sí iṣan, ńṣe ló máa ń yíjú padà, tí á máa bí hydrogen peroxide. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tí G6PD wọn kò lágbára ti fọ́ nípa bẹ́ẹ̀, ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìṣègùn. Ẹni tó bá fẹ́ fa irú omi bẹ́ẹ̀ fún yín tí kò kọ́kọ́ bèèrè G6PD, ẹ dìde kúrò lórí àga rẹ̀.

Mi ò tilẹ̀ fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń ta gbogbo nǹkan tó ń bá ọ́síjìn jà bí ẹni pé ọ̀tá pátápátá ni. Sẹ́ẹ̀lì máa ń lo ìbàjẹ́ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀. Púrótéènì kan wà tó ń jẹ́ Keap1, tó jẹ́ pé ìgbà tí ọ́síjìn bá kan cysteine rẹ̀ ló máa ń tú ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ kó lọ tan àwọn jíìnì tó ń ṣe àtúnṣe. Aago ìdágìrì ni. Ní 2009, Michael Ristow àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣe eré ìdárayá ní vitamin C àti E lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àǹfààní tó yẹ kí eré náà ṣe fún bí ara wọn ṣe ń lo ṣúgà kò sì hàn. Wọ́n ti pa aago náà.

Lórí àyẹ̀wò náà: ẹ béèrè fún un níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣe genotype, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń múra ìgbéyàwó. Ẹ má lọ ṣe é lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ tán, torí sẹ́ẹ̀lì ogbó tí kò lágbára ti kú lọ nígbà náà, tuntun nìkan ló kù, èsì lè wá sọ pé kò sí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Tí èsì bá fi hàn pé ẹ ní i, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà kó tó kọ primaquine, dapsone tàbí nitrofurantoin fún yín. Ẹ̀wà ńkọ́? Íntánẹ́ẹ̀tì á sọ fún yín pé ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀wà. Ẹ̀wà fava tí àwọn ará etí òkun Mẹditaréníà ń jẹ ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀wà olóyin àti ẹ̀wà funfun wa kò ní èròjà yẹn nínú, ẹ máa jẹ mọ́ínmọ́ín yín lọ.

Tí ọmọ bá ti dé, ẹ máa wo ojú rẹ̀ lójoojúmọ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà. Lára ọmọ dúdú, àwọ̀ ara lè tan yín, torí náà ẹ wo funfun ojú àti erìgì rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ìka tẹ imú rẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ wo àwọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ká ìka kúrò. Tó bá pọ́n láàrin wákàtí 24 àkọ́kọ́, tàbí tó ń sùn jù tí kò fẹ́ mu ọmú, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Omi glúkóòsì kì í wẹ bilirubin. Gbígbé ọmọ sí oòrùn àárọ̀ kò tó. Lóòótọ́, àwọn oníṣègùn dán oòrùn wò ní Èkó, àbájáde wọn sì jáde ní 2015 pé kò rẹ̀yìn sí iná aláwọ̀ búlúù ti ilé ìwòsàn, àmọ́ abẹ́ àtíbàbà pàtàkì tó ń sẹ́ ìtànṣán burúkú kúrò ni, nọ́ọ̀sì sì ń ṣọ́ àwọn ọmọ náà. Ẹ má sì sọ pé ẹ ń dúró kí ìkómọ kọjá ná: ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni bilirubin sábà máa ń ga jù, ìkómọ sì di ọjọ́ kẹjọ.